Òpó Fóònù, Ọ̀nà Ẹyẹ àti Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò dá lórí ajílẹ̀ tàbí irúgbìn nìkan. Ó dá lórí òpó gíga tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń gbé kalẹ̀ káàkiri, èyí tí a ń pè ní máásìtì, àti ohun tí ìdílé àgbẹ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lè ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ̀kan sí ojú ọ̀nà tí àwọn ẹyẹ ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí lékeléke, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé nílé, bí ọ̀wọ́ lékeléke bá ń kọjá lókè, a óò na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń rí wọn jù. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, wọn a dín kù, a kì í sì í béèrè ibi tí wọ́n lọ. Ìhà àríwá ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń lọ yé ẹyin níbi tí òjò ti sọ koríko àti tata di púpọ̀. Bí ọyẹ́ bá tún dé, wọn a padà sí gúúsù. Ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa wá dáko sí, láti àgbègbè Mókwá títí dé etí adágún Kàínjì, wà láàárín ìrìn yìí. Lékeléke tí ìyá yín rí nílé ní oṣù Ṣẹẹrẹ lè jẹ́ èyí tí ó ń ṣa tata lẹ́yìn màlúù níwájú ilé yín ní oṣù Okúdù.

Àwọn ẹyẹ mìíràn wà tí ìrìn tiwọn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa ni mo ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Irú èyí tí mo ń wí ń yé ẹyin tirẹ̀ ní Yúróòpù. Ó ń fò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Sẹ́tẹ́ńbà àti Òkútóbà, ó sì ń padà ní Máàṣì àti Épírì. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù, èyí ni pé 50 wọn ni yóò wọn kílò kan. Ní Ebbaken-Boje, ní ìjọba ìbílẹ̀ Boki ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n ń kó ara wọn jọ lórí òkè láti sùn nínú koríko gíga, iye wọn sì ń ju mílíọ̀nù kan lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pa wọ́n jẹ, kí àwọn olùdáàbòbò ẹranko tó bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n jáwọ́.

Ẹyẹ kékeré kan tún wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní whinchat. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àwọ̀ ewé gbígbẹ, àyà rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ìlà funfun sì wà lókè ojú rẹ̀. Bí ẹ bá wo orí pòròpórò ọkà bàbà ní oṣù Bélú tàbí Ọ̀pẹ, ẹ óò rí i níbẹ̀, yóò dákẹ́, yóò máa wo ilẹ̀, yóò sì já lu kòkòrò lójijì. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ẹyẹ ní agbègbè Jos fi òrùka aláwọ̀ sí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ẹyẹ yìí, lẹ́yìn tí ó ti lọ sí Yúróòpù tí ó sì padà, oko kan náà tí ó jẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá ni ó tún ń wá. Nítorí náà, ẹyẹ tí ó wà lórí pòròpórò yín lọ́dún yìí kì í ṣe àlejò tí ó ṣìnà.

Ìjọba pàápàá mọ iyì ibi tí a wà. Ní 2008, a kọ àwọn erékùṣù Foge tí ó wà nínú adágún Kàínjì, àti àkùrọ̀ ńlá tí Odò Kàdúná àti Odò Ọya jọ ń bọ́, sínú ìwé àwọn àbàtà tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Ramsar ní 1971. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò lò ó nígbà tí a bá dé orí ìwé kíkọ.

Kí ni òpó wá ń fi ẹyẹ ṣe?

Púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ kékeré tí ń jẹ kòkòrò kì í rin ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn lọ́sàn-án. Òru ni wọ́n ń fò, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, tí àwòdì àti àṣá sì ti sùn. Ìràwọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Bí kùrukùru bá wá bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fò wálẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì kan iná pupa tí ń tàn gan-an láìṣẹ́jú lórí òpó, iná náà á fà wọ́n mọ́ra. Wọn a máa yí i po nínú òkùnkùn bí ikán abìyẹ́ ti ń yí fìtílà po. Bí wáyà bá wà tí a fi so òpó náà mọ́lẹ̀ yíká, wọn kò ní rí i. Ara wáyà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, ilé ìtura kan tí ń jẹ́ Ngulia wà nínú ọgbà ẹranko Tsavo West ní Kẹ́ńyà. Láti nǹkan bí 1969 ni wọ́n ti rí i pé, ní Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà, bí kùrukùru bá bo òkè lóru, iná ilé ìtura náà a máa fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ arìnrìn-àjò wálẹ̀. Àǹfààní ni ó já sí níbẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ ń fi àwọ̀n mú wọn, wọ́n ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá jẹ́ òpó àti wáyà, kò sí ẹni tí yóò tú wọn sílẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé òpó ìbánisọ̀rọ̀ ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù 6.8 ẹyẹ lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo òpó ló ń pa ẹyẹ bákan náà. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwọn òpó tí gíga wọn wà láàárín mítà 116 sí 146 wéra. Àwọn tí ó ní wáyà pa ẹyẹ tó ìlọ́po 16 àwọn tí kò ní. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí i, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2009, pé bí a bá pa iná tí kì í ṣẹ́jú tí a sì fi èyí tí ń ṣẹ́jú nìkan sílẹ̀, ikú ẹyẹ a dín kù láti ìdajì títí dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nítorí èyí ni àjọ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fi yí ìlànà iná òpó padà ní ìparí 2015. Ọ̀pọ̀ òpó fóònù tí a ń rí ní abúlé wa láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001 kò ga tó ti Michigan, ọ̀pọ̀ sì dúró lórí ẹsẹ̀ irin láìsí wáyà. Èyí kò léwu púpọ̀ bí ó bá wà lẹ́bàá títì tàbí láàárín ọjà. Èyí tí ó yẹ kí á kọ̀ ni òpó gíga oníwáyà, oníná tí kì í ṣẹ́jú, tí wọ́n fẹ́ rì sí etí àkùrọ̀, pàápàá láàárín omi tí ẹyẹ ti ń jẹ àti igi tí wọ́n ń sùn sí. Lékeléke àti àkọ̀ máa ń gba ọ̀nà kan náà lọ sùn nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ara wọn sì wúwo, wọn kì í lè yà kíákíá bí wáyà bá yọ sí wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Wọn yóò ní, "Bàbá, ṣé torí ẹyẹ ni kí á ṣe máa gun òkìtì kí á tó lè pe ilé?" Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Fóònù ni a fi ń mọ iye tí tòmátì ń lọ lọ́jà kí á tó kó o sínú ọkọ̀. Òun ni a fi ń pe ọlọ́kọ̀ bí ìrọbí bá mú obìnrin lóru. Ẹni tí ó bá dìde nípàdé pé òun kò fẹ́ òpó rárá, òun nìkan ni yóò padà sílé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí òpó wá, ṣùgbọ́n kí ó má wá sí ibí yẹn, kí ó má sì wá ní irú ìṣe yẹn.

Kí a má sì gbé ìbẹ̀rù tí a kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń sọ pé agbára tí ń jáde lára òpó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ó ń mú ewé rọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìwádìí kò tíì fi hàn pé ìtànṣán tí kò lágbára tí ń ti ara òpó wá ń pa ènìyàn lára. Bí a bá kọ èyí sínú ìwé wa, ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò gbà á mú, yóò sì fi bo èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí ojú rí pọ̀ tó láti sọ. Jẹnẹrétọ̀ tí ń gbé òpó abúlé lè máa ké tọ̀sán-tòru. Dísẹ́ẹ̀lì tí ó bá dà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ ń bá àgbàrá lọ sínú kànga àti sínú ebè ewébẹ̀. Ẹni tí ó ti fa omi kànga tí dísẹ́ẹ̀lì wọ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún kan.

Ibí ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọgbà tẹ̀tẹ̀, ilá, ata àti tòmátì tí ìyá ilé ń bomi rin ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ tí ẹyẹ ń ṣe fún wa láìlọ jìnnà. Ẹ ri ọ̀pá gígùn bí mítà kan tàbí mítà kan àbọ̀ mọ́ igun ọgbà, mẹ́rin tàbí márùn-ún, tàbí kí ẹ fi pòròpórò díẹ̀ sílẹ̀ láìgé. Ẹyẹ tí ń ṣọ́dẹ kòkòrò fẹ́ràn ibi tí ó lè bà lé kí ó máa wo ilẹ̀. Ẹ bu omi sínú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ síbi tí ológbò kò lè lúgọ sí. Kí ẹ dín oògùn kòkòrò kù. Ewé dóńgóyárò tí a gún tí a sì rẹ sómi mọ́jú ṣeé wọ́n sára ewébẹ̀, kì í sì í pa ẹyẹ tí ó bá jẹ kòkòrò náà. N kò sọ pé ẹyẹ yóò kápá gbogbo kòkòrò o. Kòkòrò ajẹgbàdo tí ó dé Nàìjíríà ní 2016 kọjá agbára lékeléke nìkan. N kò sì sọ pé gbogbo ẹyẹ ni ọ̀rẹ́, ẹni tí ẹ̀ga ti jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán yóò bínú sí mi. Ṣùgbọ́n tata tí lékeléke bá gbé mì kò ní jẹ ilá mọ́.

Ọgbà yìí kan náà ni yóò di ẹ̀rí yín. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan. Kí ọmọ tí ó mọ̀wé jùlọ nínú ilé máa kọ ọjọ́, àkókò, irú ẹyẹ tí ó rí, iye wọn bí ó bá ti lè kà á tó, àti apá ibi tí wọ́n ń kọrí sí. Bí kò bá mọ orúkọ ẹyẹ, kí ó kọ àwọ̀ rẹ̀ àti ohun tí ó ń jẹ. Ìdajì wákàtí ní ìdájí àti ìdajì wákàtí nírọ̀lẹ́ ti tó, ní ìgbà méjì lọ́sẹ̀, láti Sẹ́tẹ́ńbà dé Nòfẹ́ńbà, kí wọ́n sì tún ṣe é ní Máàṣì àti Épírì. Kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe é ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá fi ìwé wọn wéra, ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà yóò hàn kedere, ẹ óò sì mọ ibi tí òpó kò gbọdọ̀ sí.

Ṣíṣe rẹ̀ ní àsìkò ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ti rí àwọn ènìyàn tí ń wọn ilẹ̀, tí wọ́n ń ri èèkàn, ìgbà náà ni kí ẹ dìde. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré tán, ó ti pẹ́.

Ẹ má kọ́kọ́ kọ ìwé. Onílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí. Òun ni owó ilẹ̀ òpó ń wọ àpò rẹ̀, bí àjòjì bá sì fi ìwé dí owó yẹn, yóò rò pé ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Èyí ti ba ìrẹ́pọ̀ jẹ́ níbi púpọ̀ nítorí ohun tí ó kéré sí èyí. Kí àgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ìyálọ́jà tàbí aṣáájú àwọn obìnrin wà pẹ̀lú wọn, kí ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn dáadáa sì máa ṣe ògbufọ̀. Kí ẹ kí i bí a ti ń kí àgbà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ibòmíràn hàn án lórí ilẹ̀ tirẹ̀ kan náà, lẹ́bàá títì tàbí lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìnnà sí àkùrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ kò ní sọnù. Ẹ mú un dé etí omi nírọ̀lẹ́ kan kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀wọ́ ẹyẹ. Bí ó bá gbà, kí ẹ jọ lọ bá baálẹ̀ wọn, tí àwọn Hausa ń pè ní dagaci, kí ìwé tí ẹ óò kọ lè ní ọwọ́ onílẹ̀ àti àjòjì nínú.

Òfin fún yín láyè. Òfin 1992 lórí àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ń ní lórí àyíká sọ pé, kí a tó fọwọ́ sí iṣẹ́ tí a ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ará ìlú sọ èrò wọn. Àjọ NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa ṣọ́ àyíká, gbé ìlànà jáde ní 2011 lórí òpó ìbánisọ̀rọ̀. Mítà 10 ni wọ́n ní kí ó fi jìnnà sí ilé gbígbé. Àjọ NCC tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní mítà 5, awuyewuye sì ti wà láàárín àwọn méjèèjì lórí rẹ̀. Mítà 5 tàbí 10 kò ran ẹyẹ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mítà ilé dá yín lóhùn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé NCC ní ìlànà tí ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti jọ lo òpó kan. Bí òpó kan bá ti wà nítòsí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ló dé tí wọn kò lo ìyẹn.

Kí tíṣà tàbí ọmọ tí ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì kà á padà ní Yorùbá àti ní èdè onílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Ó lè lọ báyìí:

"Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀. Àwa ìdílé àgbẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé a rí àwọn tí ń wọn ilẹ̀ fún òpó fóònù ní etí àkùrọ̀ wa. A fẹ́ òpó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà láàárín omi àti igi tí wọ́n ń sùn sí. Ìwé tí a fi ka ẹyẹ láti Sẹ́tẹ́ńbà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé e lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá títì tí onílẹ̀ ti yọ̀ǹda. Bí a bá gbé e kalẹ̀, kí ó má ní wáyà ìdè, kí iná orí rẹ̀ jẹ́ èyí tí ń ṣẹ́jú, kí a sì fi kọnkéré ṣe odi yí ibi tí dísẹ́ẹ̀lì wà ká. A fẹ́ rí ìwé àyẹ̀wò àyíká iṣẹ́ náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

Bí abúlé yín bá wà nítòsí àwọn àbàtà tí a kọ sínú ìwé Ramsar ní 2008, ẹ fi ìlà kan kún un láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì NESREA ní ìpínlẹ̀ yín àti sí ilé-iṣẹ́ tí ó ni òpó. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á, kí ẹ̀dà tiyín wà nínú nílọ́ọ̀nù kí òjò má bà á jẹ́. Ẹ má ní kí wọ́n pa iná orí òpó pátápátá, nítorí ọkọ̀ òfurufú ni a ṣe fi í síbẹ̀, wọn kò sì ní gbà. Irú iná ni kí ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí òpó bá ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ka ẹ̀kọ́ yìí, iṣẹ́ kò tíì tán. Kí ẹni kan máa rìn yí ìdí rẹ̀ ká ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ajá àti ìgún tó dé, pàápàá lẹ́yìn òru tí kùrukùru bá mú tàbí tí òjò bá rọ̀. Kí ó kọ iye òkú ẹyẹ tí ó rí àti àwọ̀ wọn, kí ó fi fóònù ya àwòrán wọn pẹ̀lú òpó lẹ́yìn wọn. Àwòrán mẹ́wàá tí ó ní ọjọ́ lára yóò ṣòro fún wọn láti sẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú ẹyẹ, ẹ má sì ṣe sè é jẹ. Àrùn ẹyẹ tí ó wọ Nàìjíríà ní 2006 láti ìhà Kàdúná kọ́ wa ní èyí. Ẹ fi nílọ́ọ̀nù bo ọwọ́, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sin ín jinlẹ̀ síbi tí adìyẹ kò ní tú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó padà sínú ọgbà.